Olú tó ń dìbọ́n bí òdòdó: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé tuntun ni, ta sì ni ẹbí rẹ̀?

Ẹni tó bá ní oko obì tàbí oko kókó nílẹ̀ Rẹ́mọ mọ àfòmọ́ dáadáa. Orí ẹ̀ka ló ń jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, omi ara igi ló ń mu, bí wọn ò bá sì tètè gé e, ẹ̀ka yẹn á gbẹ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé bá a mu níwà, àmọ́ ó kéré jù ú lọ gidigidi: olú tó jẹ́ pé ara òdòdó ló ti ń jẹun. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì a máa kéde lóòrèkóòrè pé àwọn rí irú rẹ̀ kan, ìròyìn á sì gbé e pé wọ́n ti ṣàwárí olú tuntun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Tuntun báwo? Ṣé àná ni Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a ni? Ta ló ka gbogbo olú ayé tán tó fi mọ̀ pé eléyìí ò sí níbẹ̀? Kí ló sì dé tí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lónìí tún lè yí padà lọ́la?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti olú fúnra rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, bí ẹ bá pe olú, ohun tó ń wá sọ́kàn wa ni èyí tó ń hù lẹ́yìn òjò, tí wọ́n ń ká wá sọ́jà, tó ń dùn bí ẹran nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Olú ni lóòótọ́, àmọ́ ibi tó ti ń bímọ nìkan la ń jẹ. Ara rẹ̀ gan-an ni fọ́nrán tín-ín-rín bí òwú tó tàn ká inú ilẹ̀ tàbí inú igi jíjẹrà, tí ojú kì í sábà rí. Inú agbo kan náà ni àwọn onímọ̀ kó ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú sí, àti ohun funfun tó ń hù lára búrẹ́dì yẹn bó bá pẹ́ jù nínú ọ̀rá, àti làpálàpá tó ń mú ọmọdé lórí. Wọn kì í ṣe ewéko, torí wọn ò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ fúnra wọn bí ewé ṣe ń ṣe. Wọn kì í sì í ṣe ẹranko. Ohun tí ẹlòmíràn ti pèsè ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ òkú igi àti ewé tó ti já, ìyẹn ò sì burú, àwọn ló ń sọ pàǹtí inú igbó di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Àwọn kan ò sì dúró dìgbà tí nǹkan bá kú. Ara alààyè ni wọ́n ń bá a jẹun, àwọn ni mo ń pè ní olú àfòmọ́.

Olú kì í so èso oníkóró. Eruku wẹ́wẹ́ ló fi ń bí sí i, eruku tí ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ rántí eruku yìí, a ó máa padà sídìí rẹ̀.

Nínú gbogbo olú tó wà láyé, àwọn tí a ti sọ lórúkọ tó nǹkan bí 150,000. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2017 sì ni pé iye tó wà lápapọ̀ á tó mílíọ̀nù 2.2 sí mílíọ̀nù 3.8. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ṣa mẹ́wàá jọ, àfàìmọ̀ ni ẹyọ kan lára wọn á ti lórúkọ. Torí náà, bí wọ́n bá ní olú kan jẹ́ tuntun, ìwé ló tuntun sí, kì í ṣe ayé. Ó ti lè wà níbi tó wà kí Ìjẹ̀bú tó tẹ̀dó. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn tí a ti mọ̀. Iṣẹ́ gidi wà nídìí gbólóhùn yẹn. Rírí i kì í ṣe ìṣòro rárá, ẹni tó ń ro oko lè rí i. Ìdánilójú pé kò sí ẹlòmíràn tó ti ń jẹ́ òun ló ń gba ọdún.

Kí ló wá dé tó jẹ́ òdòdó? Ewé ní awọ, igi ní èèpo, àwọn méjèèjì ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò. Òdòdó ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó ṣílẹ̀kùn. Ẹ wo àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irun. Irun yẹn, ara òdòdó abo ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ló gba abẹ́ èèpo lọ bá hóró kan ṣoṣo. Lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ látorí àgbàdo gbọ́dọ̀ balẹ̀ sórí irun náà, kó hù, kó sì gba inú rẹ̀ dé ìdí hóró kí hóró tó lè yọ. Bí ojú hóró kan lórí ọmọ àgbàdo bá ṣófo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irun tirẹ̀ ni ò rí lẹ́búlẹ́bú gbà. Ọ̀nà tí wọ́n là fún lẹ́búlẹ́bú yìí ni eruku olú kan náà ń tọ̀. Bó bá bà lé irun àgbàdo nígbà tó ṣì tutù, kò tún ní wá ibòmíràn wọlé mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òdòdó ní oníbàárà. Oyin ń wá, labalábá ń wá, eṣinṣin ń wá. Olú tó bá lè mú kí àwọn wọ̀nyí máa bá a ru eruku kiri kò nílò atẹ́gùn mọ́.

Nílẹ̀ Yúróòpù, ewéko olódòdó funfun kan wà tó ń jẹ́ Silene latifolia. Akọ rẹ̀ ń dá dúró, abo rẹ̀ ń dá dúró, bí ìbẹ́pẹ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Olú kan tí wọ́n ń pè ní Microbotryum ń gbé inú rẹ̀. Bó bá di àkókò òdòdó, ibi tó yẹ kí lẹ́búlẹ́bú akọ wà, eruku olú aláwọ̀ elésè àlùkò ló máa kún ibẹ̀. Kòkòrò tó bá wá mu omi dídùn inú òdòdó á fara kó eruku yìí, á sì gbé e lọ sórí òdòdó mìíràn, láìmọ̀ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn lòun ń jẹ́. Ti akọ ò tíì yà mí lẹ́nu tó ti abo. Inú ẹ̀yà akọ òdòdó nìkan ni olú yìí ti lè tú eruku rẹ̀ jáde, igi abo ò sì ní ẹ̀yà akọ. Ńṣe ni olú náà máa ń fipá mú igi abo pé kó hu ẹ̀yà akọ sára òdòdó rẹ̀. Abo á wá máa yọ ohun tí kò yọ rí, kò sì ní so mọ́.

Ọdún 1797 ni Persoon, onímọ̀ nípa olú, ti kọ orúkọ olú yìí sínú ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, irú kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ibi gbogbo tó bá wà, eruku elésè àlùkò kan náà ni ojú ń rí nínú òdòdó. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ DNA rẹ̀ wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ara ohun alààyè, tí wọ́n sì gbìyànjú láti mú ti orí òdòdó kan bá ti orí òmíràn bímọ, ni wọ́n rí i pé agbo ni wọ́n ń pè ní ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ewéko ló ní olú tirẹ̀. Èyí tó wà lára Silene latifolia ti gba orúkọ tirẹ̀ báyìí, ó ń jẹ́ Microbotryum lychnidis-dioicae. Ṣé ẹ rí i pé a lè rí irú tuntun láìjáde kúrò nílé? Ohun tó ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́ náà lè di méjì, di mẹ́ta, bí ẹ bá tún un wò.

Ní òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni olú Puccinia monoica ń gbà. Ó máa ń dá ewéko dúró kó má tanná, á wá sọ ewé orí rẹ̀ di àkójọ ewé aláwọ̀ ìyeyè tó ń rùn dáadáa, tí omi dídùn wà lórí rẹ̀. Láti òkèèrè, òdòdó pátápátá ni. Barbara Roy ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1993. Ṣùgbọ́n ewé ewéko náà ṣì ni, olú kàn kùn ún ni.

Ti Guyana ló kọjá ìyẹn. Lọ́dún 2006, Kenneth Wurdack, onímọ̀ nípa ewéko láti Smithsonian, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ń ká ewéko kiri nínú ọgbà ìjọba Kaieteur, lórílẹ̀-èdè Guyana ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ewéko kan wà níbẹ̀ tó dà bíi koríko, Xyris ni orúkọ rẹ̀. Igi rẹ̀ tín-ín-rín, orí igi náà ni òdòdó kékeré aláwọ̀ ìyeyè máa ń yọ sí. Ó rí i pé àwọn kan nínú òdòdó náà ò rí bí àwọn yòókù. Àwọ̀ wọn sún mọ́ ti ọsàn ju ìyeyè lọ, wọ́n ki, wọ́n sì rọ̀ bíi fóòmù. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun kan níbẹ̀ tó jẹ́ ti òdòdó. Látòkèdélẹ̀, olú ni. Olú náà ti dí ewéko lọ́wọ́ kó má lè yọ òdòdó tirẹ̀, ó wá fi ara tirẹ̀ kọ́ òdòdó ayédèrú síbẹ̀.

Kì í ṣe àwòrán lásán ló sì yà. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú èèyàn kì í rí, àmọ́ tí oyin ń rí, òun ni òdòdó gidi fi ń pe oyin. Òdòdó ayédèrú yìí ń tan ìtànṣán náà padà. Nígbà tí wọ́n sin olú náà nínú àwo láàbù, ó ń tú òórùn kan jáde tó máa ń fa àwọn kòkòrò kan mọ́ra. Èrò àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ni pé kòkòrò ló ń fi gbogbo èyí tàn, kó lè máa gbé eruku rẹ̀ láti orí ewéko kan bọ́ sórí òmíràn. Ó sì jọ pé ó nílò ẹ̀tàn náà, torí olú tó bá ti ara ẹyọ eruku kan ṣoṣo hù kì í ní ju ìhà kan lọ nínú ìhà méjì tó gbọ́dọ̀ pàdé kí irú rẹ̀ tó lè bímọ bíi takọtabo. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe alárinà.

Láti ọdún 2006 tí wọ́n ti rí i, ọdún 2020 ni orúkọ rẹ̀ tó jáde: Fusarium xyrophilum. Ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn kan á ní àwọn òyìnbó yìí ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà láàárín rẹ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé òdòdó kì í ṣe ilé ẹnì kan. Bí ẹ bá mú òdòdó tó ń jẹrà sábẹ́ maikirosikóòpù, olú oríṣiríṣi àti kòkòrò àìfojúrí ló máa kún ibẹ̀, tó jẹ́ pé ńṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wá jẹ àjẹkù. Wọ́n gbọ́dọ̀ ya ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Wọ́n á po eruku rẹ̀ sínú omi mímọ́, wọ́n á bu omi là á títí tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi máa jìnnà sí ara wọn, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwo pẹlẹbẹ tí oúnjẹ olú wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá máa fi maikirosikóòpù wá ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ẹyọ yẹn ni wọ́n á gé mọ́ oúnjẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú àwo tirẹ̀. Gbogbo ohun tó bá hù níbẹ̀, ọmọ ẹnì kan ni. Bí wọ́n bá fo ìgbésẹ̀ yìí, DNA tí wọ́n máa kà lẹ́yìn náà lè jẹ́ ti ẹni méjì tó lọ́ mọ́ra, wọ́n á wá sọ ẹni tí kò sí láyé lórúkọ. Iṣẹ́ sùúrù ni. Mo gbà pé ibi yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn kì í dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìrísí. Eruku ọ̀pọ̀ nínú ìdílé Fusarium kì í fara sin fún ẹni tó mọ̀ ọ́n: ó gùn, ó tẹ̀, ó sì pín sí yàrá yàrá nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Guyana yìí kì í ní irú eruku oníyàrá bẹ́ẹ̀. Ìyẹn á sọ agboolé tí wọ́n máa lọ kàn fún wọn, àmọ́ kò ní sọ yàrá tó ń sùn. Àwọn ọmọ agboolé náà pọ̀, wọ́n sì jọra débi pé ojú nìkan kì í sábà lè dá wọn mọ̀.

Ibi tí DNA ti wọlé nìyẹn. Fún olú ní gbogbogbòò, apá kan wà nínú DNA tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí lọ́dún 2012 pé òun làwọn á máa kọ́kọ́ kà, ITS ni wọ́n ń pè é. Ó wúlò, àmọ́ láàárín àwọn ọmọ Fusarium, ó kéré sí ohun tó lè ya ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àbúrò. Torí náà, apá mẹ́ta mìíràn ni wọ́n kà nínú ti Guyana yìí: RPB1, RPB2 àti TEF1. Wọ́n wá tò ó mọ́ ti gbogbo Fusarium tí wọ́n ti mọ̀. Kò bá èyíkéyìí mu. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni Fusarium pseudocircinatum, bí ẹ ṣe máa sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú ẹ̀ka kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀ka Áfíríkà sì ni àwọn méjèèjì wà.

Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé ẹnì kan wa ọkọ̀ gbé e kúrò ní Èpé lọ sí Guyana. Orúkọ ẹ̀ka ni, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ nínú rẹ̀ jẹ mọ́ ewéko ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ẹ̀ka yẹn tí gbogbo àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú ti rí, kódà bí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá bó àgbàdo gbígbẹ tí ẹ rí hóró mélòó kan tí ohun funfun tàbí aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ hù bò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Fusarium verticillioides. Ìbátan òdòdó ayédèrú Guyana ni. Irun àgbàdo tí a sọ lókè wà lára ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ohun tí àfòmọ́ jókòó lé kọ́ ni ẹbí rẹ̀: ọ̀kan ń jẹ koríko Xyris, ọ̀kan ń jẹ àgbàdo, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti tan.

Bí wọ́n bá ti mọ ẹbí rẹ̀, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òun gan-an ló fa àrùn tí wọ́n rí. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló là ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ogójì sẹ́yìn: ẹ yọ ọ́ kúrò lára aláìsàn, ẹ sìn ín lọ́tọ̀, ẹ fi sára ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ wò ó bóyá àìsàn kan náà máa yọ, kí ẹ sì tún bá a níbẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. Àmọ́ àwọn olú kan wà, bíi Puccinia, tí wọ́n máa ń kọ oúnjẹ àwo, ara ewéko alààyè nìkan ni wọ́n fẹ́. Irú wọn máa ń da iṣẹ́ rú.

Ti orúkọ wá kù. Òfin wà fún un, òfin àgbáyé kan náà tó wà fún orúkọ ewéko. Orúkọ àkọ́kọ́ ni ti ìdílé, èkejì ni ti òun alára. Ẹni tó bá sọ ọ́ lórúkọ gbọ́dọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀. Èdè Látìn nìkan ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n ti gba Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Láti ọdún 2013, ó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ní ibi ìforúkọsílẹ̀ bíi MycoBank tàbí Index Fungorum. Pabanbarì rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi àpẹẹrẹ kan pamọ́ sí ilé ìpamọ́ tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó, kó sì sọ ibi tó wà. Orúkọ náà dè mọ́ àpẹẹrẹ yẹn títí láé. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n máa lọ ṣí wò. Ilé ìpamọ́ olú tó wà ní Kew nílùú Lọ́ńdọ̀nù ní ju àpẹẹrẹ mílíọ̀nù 1.25 lọ. Lọ́dọ̀ wa, ti ewéko inú igbó wà ní Ìbàdàn, FHI ni wọ́n ń pè é, lábẹ́ àjọ ìwádìí nípa igbó.

Kí ló dé tí orúkọ wá ń yí padà? Ẹ gbọ́ ti ìrẹsì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n ń gbìn lápá Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí kò jìnnà sí Ṣàgámù, ẹ mọ bí òdòdó rẹ̀ ṣe kéré tó. Olú kan wà tó ń wọ inú òdòdó ìrẹsì kí ó tó là, tó máa ń gba ara ẹ̀yà akọ rẹ̀ wọlé. Dípò hóró, bọ́ọ̀lù kékeré ni ẹ máa rí lórí ọmọ ìrẹsì, á kọ́kọ́ ní àwọ̀ ọsàn, á wá di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, títí tó fi máa dúdú. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, eruku á bo ìka yín. Ó wà nílẹ̀ Éṣíà, ó wà nílẹ̀ Áfíríkà. Ní Íńdíà, àwọn àgbẹ̀ kan máa ń kà á sí àmì ìkórè rere, torí òjò àti ilẹ̀ tó dára fún ìrẹsì náà ló bá a lára mu.

Lọ́dún 1878, Cooke tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ pè é ní Ustilago virens. Ìdílé Ustilago ni àwọn tó ń sọ hóró ọkà di eruku dúdú, ojú rẹ̀ sì jọ tiwọn. Kò pẹ́ tí àwọn tó tún un wò fi rí i pé kì í ṣe ara wọn. Lọ́dún 1896, Takahashi sọ ọ́ di Ustilaginoidea virens. Lọ́dún 2008, wọ́n tún fún ìgbà tó ń bímọ bíi takọtabo lórúkọ mìíràn, Villosiclava virens, torí òfin ayé ìgbà yẹn gbà kí olú kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún ìṣe rẹ̀ kan, ọ̀kan fún ìkejì. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Melbourne lọ́dún 2011 ló fòpin sí i: olú kan, orúkọ kan. Ustilaginoidea virens ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Ẹbí rẹ̀ gan-an ni agbo Claviceps, tó ń ba òdòdó ọkà bàbà àti jéró jẹ́, tí òun àti Ustilago ò sì tan rárá. Àwọn tó ń bínú pé àwọn onímọ̀ ń pa orúkọ dà bí ẹni ń pa aṣọ dà, èmi ò bá wọn bínú. Ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ ilé onílé ni wọ́n dá padà sílé.

Àwọn olóko kókó wa náà jàǹfààní irú rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi èso kókó tó ń dúdú ru ẹnì kan ṣoṣo, Phytophthora palmivora. Lọ́dún 1979, Brasier àti Griffin fi hàn pé ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Phytophthora megakarya. Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà nìkan ló wà, òun ló sì burú jù. Ẹni tó bá ń gbin kókó tí wọ́n ní ó lè gba ti palmivora dúró, tí megakarya sì wà lóko rẹ̀, ó ti gbin wàhálà. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: àwọn méjèèjì yìí, tí gbogbo ayé ń pè ní olú tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nínú agbo olú pátápátá. Ewédò inú òkun ni wọ́n bá tan jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbàdo. Fusarium verticillioides ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní fumonisin, tí àwọn onímọ̀ ní South Africa yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1988. Ó máa ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́. Ó sì lè wà nínú àgbàdo tí ojú ò rí nǹkan kan lára rẹ̀, torí olú náà lè gbé inú hóró jẹ́ẹ́. Iná ìdáná lásán kì í pa májèlé náà tán, torí náà ṣíṣe àgbàdo tó ti hu nǹkan di ògì kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹ ṣà á kúrò kí ẹ tó rẹ ẹ́. Ìyá tó ń ta ògì ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó máa ń jókòó ṣa àgbàdo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sọ orúkọ olú kankan fún un.

Igbó Ọmọ, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí J4, wà ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Òdòdó inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi maikirosikóòpù wò, kò lóǹkà. Torí náà, bí ẹ bá rí òdòdó kan, nínú oko tàbí nínú igbó, tí kò rí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ki jù, tó ń tú eruku tí kò yẹ kó tú, tàbí tí igi abo ń yọ ohun tí kì í yọ, ẹ má tíì fi oògùn olóko sí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ara rẹ̀ dá, kí méjèèjì wà nínú àwòrán kan. Ẹ ká òdòdó náà mọ́ ewé àti ẹ̀ka rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ igi tí àfòmọ́ wà lórí rẹ̀ ò lè wá àfòmọ́ lọ jìnnà. Inú àpòòwé bébà ni kí ẹ fi sí, kó lè gbẹ. Ọ̀rá á mú un làágùn, kí ilẹ̀ tó mọ́, olú mìíràn á ti hù bo èyí tí ẹ ń gbé lọ. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i sára àpòòwé náà, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe igi náà. Ẹ wá gbé e lọ bá àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí kí ẹ gbé e dé FHI ní Ìbàdàn.